Ọrùn Tó Ń Dunni, Apá Tó Ń Jóni: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀ràn Dísìkì Tó Yọ

Lọ́dún 2015, àwọn dókítà kan ní Japan gbé àbájáde iṣẹ́ ńlá kan jáde. Èèyàn 1,211 ni wọ́n fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán ọrùn wọn, láti orí ẹni ogún ọdún títí dé orí àwọn tó ti lé ní àádọ́rin. Kò sí aláìsàn kankan nínú wọn. Ọrùn ò dùn wọ́n, apá ò jó wọn, kálukú ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ìdá 87.6 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní dísìkì, ìyẹn tìmùtìmù tó wà láàárín eegun ọrùn, tó ti wú kọjá àyè rẹ̀. Kódà láàárín àwọn tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, wọ́n lé ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ìwé èsì MRI ti di ohun tó ń lé oorun lójú ọ̀pọ̀ èèyàn wa. Ẹni tó fi owó ilé ìwé ọmọ ya àwòrán, tó wá kà á nínú ìwé pé dísìkì òun ti yọ láàárín eegun karùn-ún àti ìkẹfà, ọkàn rẹ̀ ò ní balẹ̀ mọ́. Ẹbí á pé jọ. Ẹnìkan á ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí India, ẹlòmíràn á ní àgbo kan wà ní Ìjẹ̀bú tó ń lé e, ẹ̀gbọ́n ìyàwó á ní ayé ló ta á lọ́fà. Bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi í kò sí nínú àwòrán rárá: ṣé ọwọ́ rẹ ṣì lágbára? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ ń gbé ọ dáadáa? Lójú tèmi, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ aláìsàn ni adájọ́ nínú ọ̀ràn yìí, ẹlẹ́rìí lásán ni àwòrán. Ibi tí wọ́n bá ti sọ ẹlẹ́rìí di adájọ́, níbẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò, tí wọ́n sì ti ń fi ọ̀bẹ kan ẹni tí kò yẹ kó kàn. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fi àgbo àti àdúrà dá ẹni tó yẹ kó ti wà lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ dúró sílé.

Eegun méje ló to ara wọn sí ọrùn. Kò sí dísìkì láàárín ìkínní àti ìkejì. Abẹ́ ìkejì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, mẹ́fà sì ni wọ́n títí dé ibi tí ọrùn ti pàdé eegun àyà. Dísìkì kọ̀ọ̀kan dà bí ẹ̀kọ inú ewé: òde rẹ̀ jẹ́ fọ́nrán líle tó wé e yíká ní ìpele-ìpele, inú rẹ̀ rọ̀, omi ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, omi náà á máa gbẹ, ewé á máa sán. Lọ́jọ́ tó bá ya, ohun inú rẹ̀ á yọ síta. Bó bá yọ sí ẹ̀gbẹ́, iṣan ìmọ̀lára tó ń lọ sí apá ló máa kàn. Bó bá yọ sí àárín, mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ló máa tẹ̀, ìyẹn okùn ńlá tí ọpọlọ fi ń rán iṣẹ́ sí gbogbo ara láti ọrùn títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹ fi ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀gbẹ́ àti àárín yìí sọ́kàn, nítorí òun ló ya ẹni tó lè ní sùúrù sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò lè ní in.

Títẹ̀ nìkan kọ́ ló sì ń fa ìrora. Ohun tó yọ láti inú dísìkì ń bí iṣan nínú, á mú un wú, á mú un gbóná. Ìdí nìyẹn tí dísìkì kékeré fi lè mú ẹnìkan sunkún lóru, tí ńlá kò sì fi ní ṣe ẹlòmíràn ní nǹkan kan.

Iṣan mẹ́jọ ló ń jáde láti ọrùn ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, oníkálukú ló sì ní àdúgbò tirẹ̀ lára apá. Ibi tí dísìkì ti sábà máa ń yọ jù ni láàárín eegun karùn-ún àti ìkẹfà, àti láàárín ìkẹfà àti ìkeje. Bó bá jẹ́ iṣan ìkẹfà ló kàn, ìrora á gba èjìká wá, á gba iwájú apá, á bọ́ sí àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀. Bó bá jẹ́ ìkeje, ìka àárín ni yóò kú, ẹran ẹ̀yìn apá á sì rọ, débi pé títi ilẹ̀kùn tó wúwo á di ìṣòro. Ìkẹjọ ló ni ọmọńdinrín àti agbára ìdìmú. Ẹni tí èyí bá kàn á ṣàkíyèsí pé òun kò lè ṣí ìdérí ìgò mọ́. Ìkarùn-ún ló ni èjìká. Nítorí náà, dókítà tó bá fara balẹ̀ tẹ́tí sí aláìsàn, tó fọwọ́ kan apá rẹ̀, tó fi òòlù kékeré kan án ní ìgbúnwọ́, ti lè mọ iṣan tó ń jìyà kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ MRI. X-ray ní tirẹ̀, eegun nìkan ló ń fi hàn. Kò lè rí dísìkì.

Àmì kan wà tó yẹ kí àwa Yorùbá mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, àmọ́ òun gan-an la máa ń ṣì gbọ́. Ẹni tí iṣan ọrùn rẹ̀ ń jó sábà máa ń rí ìtura bó bá gbé ọwọ́ tó ń dùn ún lé orí, nítorí pé bí apá bá ti gòkè, iṣan tó nà tàntàn á dẹ̀. Àwọn dókítà máa ń béèrè rẹ̀, torí pé ẹni tó jẹ́ oríkèé èjìká ló ń dùn ún kò ní lè gbé e lọ síbẹ̀ láìké. Nílé wa, bí ẹnìkan bá káwọ́ lérí, ọ̀fọ̀ la máa rò pé ó ṣẹ̀ ẹ́. Ìyá àgbà á pariwo mọ́ ọn pé kó tètè sọ ọwọ́ kalẹ̀, kó má fi pe ohun burúkú wọlé. Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó gbé e síbẹ̀.

Ta ló ń ṣe? Ìwádìí tí ọ̀pọ̀ ṣì ń tọ́ka sí ni èyí tí wọ́n ṣe nílùú Rochester, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti to àkọsílẹ̀ gbogbo aláìsàn ìlú jọ láti 1976 sí 1990. Nínú èèyàn 100,000, nǹkan bí 83 ni iṣan ọrùn ń yọ lẹ́nu lọ́dún kan, àwọn tó lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún ló sì pọ̀ jù. Ohun tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni pé àwọn tó lè tọ́ka sí ohun kan pàtó tó fà á, bíi jàǹbá tàbí ẹrù wúwo, kò ju nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn yòókù kàn jí lọ́jọ́ kan ni, ọrùn ti gan. Nítorí náà, ẹni tó ń wá ẹni tó ṣe é lè wá a tì.

Àwọn tí kò gbọdọ̀ dúró ńkọ́? Nígbà tó bá jẹ́ mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ni dísìkì tẹ̀, ó lè má dun ẹni náà rárá, ìyẹn ló sì mú kó léwu. Ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé bọ́tìnnì ẹ̀wù ń ṣòro láti dè. Owó ẹyọ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkọ̀wé rẹ̀ ti yàtọ̀, tàbí kí kọ́kọ́rọ́ má wọ ojú ihò mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ á le gbandi, á máa rìn bí ẹni tó mu ẹmu yó, pàápàá bí ilẹ̀ bá ṣú. Bó bá tẹ orí ba, ohun kan á ta á láti ọrùn dé ìdí bí ìgbà tí iná mànàmáná gbé èèyàn. Bó bá wá di pé kò lè mú ìtọ̀ mọ́ra, tàbí ìtọ̀ kọ̀ kò wá, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá ni kí wọ́n gbé e lọ, níbi tí oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn wà. Ohun tí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ bá ti bàjẹ́ nínú mùdùnmúdùn kì í sábà padà bọ̀ sípò tán. Iṣẹ́ abẹ ń dáàbò bo èyí tó kù ni. Nínú àwọn àgbàlagbà, irú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ báyìí ló wọ́pọ̀ jù nínú ohun tó ń ba okùn yìí jẹ́, bẹ́ẹ̀ àwa ń sọ pé bàbá ti dàgbà ni, tàbí pé rọpárọsẹ̀ ló fẹ́ ṣe é.

Kì í ṣe gbogbo ìrora ọrùn ló sì jẹ́ ti dísìkì. Bí ibà tàbí òógùn òru bá bá a rìn, tí ẹni náà ń rù, tí ìrora kò sì dẹ̀ kódà nígbà tó bá sùn, ẹ wo ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ń jẹ eegun ọ̀pá ẹ̀yìn. Ó ṣì wà láàárín wa dáadáa, oògùn sì ń wò ó. Ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti pírósítéètì rí kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ ọrùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún ṣeré. Ẹni tó ṣubú lórí ọ̀kadà, tí ọrùn ń dùn ún, ẹ má yí i, ẹ má fà á. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbé ni kó gbé e.

Ìmọ̀ yìí kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Títí di ìgbà tí Mixter àti Barr, oníṣẹ́ abẹ méjì nílùú Boston, kọ ìwé wọn lọ́dún 1934, kókó tó hù ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ máa ń pe ohun tí wọ́n bá rí tó tẹ iṣan. Àwọn méjèèjì ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kò sí ohun tó hù, dísìkì ló ya. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀bẹ ti rí iṣẹ́ ṣe. Ó sì ṣe é ní àṣejù nígbà mìíràn, nítorí ó tó ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó béèrè pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí wọn kò fọ̀bẹ kàn.

Ìdáhùn náà dùn mọ́ni. Ara máa ń jẹ ohun tó yọ síta. Ẹ̀jẹ̀ ń rán àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wá, wọ́n ń gbé e mì díẹ̀díẹ̀, àwòrán tí wọ́n bá sì yà lẹ́yìn oṣù mélòó kan sábà máa ń fi hàn pé ó ti súnkì tàbí pé ó ti pòórá. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé èyí tó tóbi, tó já sílẹ̀ pátápátá, ni ara tètè ń jẹ jù. Ní Rochester tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí wọ́n wo àwọn aláìsàn kẹ́yìn, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni kò ní nǹkan kan mọ́ tàbí tó jẹ́ díẹ̀ ló kù lára wọn, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin wọn péré ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún.

Lọ́dún 1997, àwọn onímọ̀ ní Sweden pín aláìsàn 81 sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan gba iṣẹ́ abẹ, àwọn kan gba físíótẹ́rápì, wọ́n fún àwọn tó kù ní kọ́là ọrùn. Ara àwọn tí wọ́n là ló kọ́kọ́ fúyẹ́. Nígbà tí ọdún kan yípo, kò sí ìyàtọ̀ tó ṣeé fọwọ́ sọ̀yà láàárín wọn mọ́. Ní Netherlands, lọ́dún 2009, wọ́n mú aláìsàn 205 tí ìrora wọn kò tíì pé oṣù kan. Àwọn kan wọ kọ́là fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì rọra ń bọ́ ọ títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà. Àwọn kan ṣe físíótẹ́rápì. Wọ́n ní kí àwọn kan kàn máa wò ó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kọ́là àti físíótẹ́rápì ti mú ìrora apá dín kù ju wíwò ó lọ. Ní oṣù kẹfà, gbogbo wọn ti dọ́gba.

Bí mo ṣe gbọ́ èyí sí ni pé ìtọ́jú ìbẹ̀rẹ̀ ń ra ìtura kí àkókò tó parí iṣẹ́ tirẹ̀. Ìtura kì í ṣe ohun kékeré o. Ẹni tí kò tíì sùn fún ọjọ́ mẹ́wàá mọ iye tó tó. Àmọ́ ẹ wo kọ́là yẹn dáadáa: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n sọ. Èèyàn ń bẹ nígboro wa tó ti wọ tirẹ̀ láti ọdún tó kọjá, tó ń wọ̀ ọ́ lọ sí òde ìgbéyàwó. Ẹran ọrùn tí wọn kò lò á rọ, ọrùn tó rọ á tún máa dùn, ẹni náà á sì ní kọ́là ni kò tíì pẹ́ tó lọ́rùn òun.

Ní ti oògùn, ibuprofen àti diclofenac ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín kò gbọdọ̀ máa jẹ wọ́n bí epà, nítorí wọ́n ń ba gbogbo wọn jẹ́ sí i. Fún ìrora tó ń jó, tó ń ta, tó ń rìn lára bí eèrà, àwọn dókítà máa ń kọ amitriptyline díẹ̀ lálẹ́, tàbí gabapentin àti pregabalin. Wọ́n ń ran àwọn kan lọ́wọ́, wọ́n kàn ń mú àwọn mìíràn tòògbé ni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni oògùn àpòpọ̀ tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá kékeré ní kẹ́míìsì, láìsí orúkọ lára rẹ̀. Bí ó bá lé ìrora lọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ó ṣeé ṣe kí dexamethasone tàbí prednisolone wà nínú rẹ̀. Dókítà lè fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ tọ́jú iṣan tó wú fún ìgbà díẹ̀, tí yóò sì máa ṣọ́ aláìsàn. Ẹni tó bá wá ń rà á fúnra rẹ̀ lóṣooṣù á rí àtọ̀gbẹ, eegun tó ń jẹrà, àti oríkèé ìbàdí tó kú. Ewu tìyẹn ju ti ọrùn lọ.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sí ẹ̀bá iṣan nínú ọrùn wà pẹ̀lú. Ó ń mú ìrora àwọn kan rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ lóṣù kẹrin ọdún 2014, àjọ FDA tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ó ti fa rọpárọsẹ̀, ìfọ́jú àti ikú rí. Ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n gan-an, tó ń fi ẹ̀rọ wo ibi tí abẹ́rẹ́ dé, nìkan ni kí èèyàn ti gbà á.

Ti àwọn tó ń yí ọrùn bí kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Àwọn tó ń to eegun ní àwọn ìlú wa mọ iṣẹ́ lórí apá àti ẹsẹ̀ tó dá, n kò fẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Ọrùn yàtọ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì gba inú eegun ọrùn kọjá lọ sí ẹ̀yìn ọpọlọ, bí èèyàn bá sì fi agbára yí ọrùn lójijì, ọ̀kan nínú wọn lè ya, kí rọpárọsẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Bábà tó ń mú ọrùn dún kọ́ lẹ́yìn tó gẹrun tán kò mọ èyí. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi ìyẹn sílẹ̀, kódà bí ọrùn yín bá le koko. Ìfọwọ́ra pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní èjìká kò burú.

Kí ló wá kù fún ọ̀bẹ? Mo ti sọ ti mùdùnmúdùn tí dísìkì tẹ̀. Òmíràn ni apá tó ń rọ sí i lójoojúmọ́. Ẹ̀kẹta ni ìrora tí kò gbọ́ ìtọ́jú lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá, tí kò jẹ́ kí èèyàn ṣiṣẹ́ tàbí kó sùn, tí àwòrán sì bá ohun tí apá ń sọ mu. Fún irú àwọn báyìí, iṣẹ́ abẹ dára, ó sì tètè ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é jù ni èyí tí Robinson àti Smith ní Baltimore gbé jáde lọ́dún 1955, tí Cloward ní Hawaii sì kọ̀wé lórí irú rẹ̀ lọ́dún 1958. Iwájú ọrùn ni wọ́n ń gbà wọlé, ohun tó sì máa ń dẹ́rù ba aláìsàn jù nìyẹn: ṣé ọ̀nà ọ̀fun ni wọ́n fẹ́ gé ni? Wọn kò gé e. Wọ́n ń la awọ díẹ̀, wọ́n ń rọra ti ọ̀nà ọ̀fun sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń yọ dísìkì, wọ́n ń fi eegun tàbí àgò kékeré sí àyè rẹ̀, eegun méjèèjì á sì di ọ̀kan láàárín oṣù mélòó kan. Ohùn lè há, oúnjẹ lè nira láti gbé mì fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó ń mu sìgá, eegun rẹ̀ kì í tètè so. Èèyàn á ṣì máa yí orí rẹ̀, nítorí pé nǹkan bí ìdajì yíyí tí orí ń yí wá láti eegun méjì òkè, níbi tí ọ̀bẹ kò dé.

Ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ ni ti àwọn dísìkì aládùúgbò. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1999 fi hàn pé lẹ́yìn tí wọ́n bá so eegun pọ̀, nǹkan bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláìsàn ló ń ní àmì àìsàn tuntun lọ́dọọdún ní òkè tàbí ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n so. Ṣé síso náà ló fà á ni, àbí ọjọ́ orí ni? Wọ́n ṣì ń jà lé e lórí. Ìyẹn ló bí dísìkì àtọwọ́dá tó ń jẹ́ kí oríkèé máa mì. Ọdún 2007 ni FDA fọwọ́ sí àkọ́kọ́ rẹ̀ fún ọrùn.

Ìjà yìí jáde sí gbangba lọ́dún 2021. Jack Eichel, balógun ẹgbẹ́ Buffalo Sabres nínú họ́kì orí yìnyín ní Amẹ́ríkà, fara pa lọ́rùn lóṣù kẹta. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí wọ́n so eegun rẹ̀ pọ̀, òun ní dísìkì àtọwọ́dá lòun fẹ́. Kò tíì sí eléré họ́kì kankan nínú líìgì wọn tó ṣe irú rẹ̀ rí. Wọ́n gba ipò balógun lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì tà á fún Vegas Golden Knights lóṣù kọkànlá. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí wọ́n fi dísìkì àtọwọ́dá sí i lọ́rùn. Ó padà sórí pápá lóṣù kejì ọdún 2022, ó sì gba ife Stanley Cup lọ́dún 2023. Bẹ́ẹ̀ náà ni Peyton Manning, agbábọ́ọ̀lù irú ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fọwọ́ jù, tí wọ́n so eegun tirẹ̀ pọ̀ lóṣù kẹsàn-án ọdún 2011. Ó pàdánù sáà bọ́ọ̀lù kan gbáko nítorí pé apá tó fi ń ju bọ́ọ̀lù ti rọ, ó padà wá, ó sì gba Super Bowl lóṣù kejì ọdún 2016. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gba ọ̀nà tirẹ̀, àwọn méjèèjì ló yege. Fún ẹni tí kì í ṣe eléré ìdárayá, ìyàtọ̀ tí mo rí láàárín iṣẹ́ abẹ méjèèjì kò tó ohun tí èèyàn á tìtorí rẹ̀ ta ilé. Kí oníṣẹ́ abẹ náà máa ṣe é déédéé ló ṣe pàtàkì jù.

Kì í sì í ṣe òkè òkun nìkan ni irú àwọn oníṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ wà. Látúndé Òdẹ̀kú, ọmọ Àwẹ́, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní UCH Ìbàdàn lọ́dún 1962, ilé ìwòsàn eegun Igbóbì sì ti wà láti 1945. Fásitì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn onífísíótẹ́rápì láti 1966. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ́ ni wọ́n ti jápa, àwọn ọmọ wa tó sì ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ní Britain lè rí onífísíótẹ́rápì ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn àdúgbò níbẹ̀ láìkọ́kọ́ rí dókítà. Nílé, àwọn tó kù ń bẹ ní UCH, ní LUTH l'Ékòó, ní Ifẹ̀, àmọ́ ẹ̀yìn kẹ́míìsì, ẹ̀yìn alágbo àti ẹ̀yìn MRI la tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí mo bá ní agbára, òdìkejì ni mo máa tò ó sí: owó MRI yẹn lè san owó físíótẹ́rápì fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nígbà tí kò bá sí àmì ewu.

Nínú ilé, èèyàn ò gbọdọ̀ sùn sílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ọjọ́ kan tàbí méjì tó fún ìsinmi, kó dìde kó máa rìn. Ìrọ̀rí kan tó gba ọrùn sílẹ̀ dára ju mẹ́ta lọ, kó má sì dojú bolẹ̀ sùn, nítorí ọrùn á wà ní yíyí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Eré ìmárale tí wọ́n sábà ń kọ́kọ́ kọ́ni rọrùn: fífa àgbọ̀n sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ láìgbé e sókè, àti fífún eegun ẹ̀yìn èjìká méjèèjì mọ́ra. Bí èyíkéyìí bá lé ìrora sísàlẹ̀ lọ sí ọwọ́, kó dáwọ́ dúró kó padà lọ béèrè. Bí ìrora bá ń kúrò ní ọwọ́ wá sí ọrùn, àmì rere ni, bí ọrùn tilẹ̀ ń dùn sí i.

Wọ́n ti pariwo fóònù púpọ̀. Lọ́dún 2014, oníṣẹ́ abẹ kan ní New York fi kọ̀ǹpútà ṣírò pé bí orí bá tẹ̀ dé ìwọ̀n dígírì 60, ẹrù tó wà lórí ọrùn á tó nǹkan bíi kílò 27. Ìṣirò ni, kì í ṣe aláìsàn ló kà, kò sì fi hàn pé fóònù ń ya dísìkì. Àmọ́ ẹni tí ọrùn rẹ̀ ti ń dùn, kó gbé fóònù sókè kó bá ojú. Ti télọ̀ àti onídìrí ni mo rò pé a kò sọ tó, àti ti ọmọbìnrin tí wọ́n há orí rẹ̀ sáàárín orúnkún láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ torí irun. Kí wọ́n jẹ́ kó dìde láàárín. Mùsùlùmí tí kò lè foríkanlẹ̀ lè jókòó kírun. Ẹni tí kò lè dọ̀bálẹ̀ fún àna, kó tọrọ gáfárà kó sọ ìdí rẹ̀. N kò tíì rí àgbà gidi tó fi irú ìyẹn bínú.

Ó ku ẹrù orí. Ní Sierra Leone, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1997 fi àwòrán ọrùn àwọn tó ń rẹrù wé ti àwọn tí kì í rù ú, ó sì fi hàn pé eegun àwọn tó ń rẹrù ti jẹ jù. Láti Rhodesia ìgbà náà, tó di Zimbabwe lónìí, dókítà kan ti kọ̀wé lọ́dún 1968 nípa àwọn alábàárù tí ẹrù wúwo ṣe lọ́ṣẹ́ lọ́rùn. Eegun tó jẹ kì í ṣe ìrora, mo ti sọ ìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n ń gbé ẹrù lé orí àti ìgbà tí wọ́n ń sọ̀ ọ́ ni mo rò pé ewu ti pọ̀ jù, nígbà tí ẹrù ń yẹ̀ tí ọrùn sì ń sá tẹ̀ lé e. Òṣùká tó nípọn ń jẹ́ kó dúró déédéé. Kí èèyàn méjì máa gbé e rù ú, kí èèyàn méjì sì máa sọ̀ ọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe látijọ́. Alábàárù tí ọwọ́ rẹ̀ ń kú kó fi orí sílẹ̀ kó máa ti ọmọlanke, bó bá rí èyí tó lè yá. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ní ọ̀pọ̀ ọjà wa, wọ́n ti kó ọjà dí àárín ṣọ́ọ̀bù débi pé ọmọlanke kò lè kọjá. Ọ̀rọ̀ ìyálọ́jà àti ìjọba ìbílẹ̀ nìyẹn, dókítà kankan ò lè kọ ọ́ sínú ìwé oògùn.